Ẹran Kan, Ọdẹ Méjì: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tí Wọ́n Jọ Ń Dẹ Ìgbẹ́

  

 Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ ṣe nínú ìwé ìròyìn yìí kọ́ ni a ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ sàká lórí ọjà tí ó wà nínú ìsọ̀ ni a ti kọ dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan dé iwájú wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a sì rí i pé bí a kò bá tètè sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn òkú ni a ó ti sọ ọ́. Sàká yóò dúró dè wá.

Méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Ọ̀kan jẹ́ bàbá tí ó ti lé ní 60 ọdún, tí ó jẹ́ ọdẹ láti ilé kí ó tó bá ọmọ rẹ̀ wá sí Àbújá. Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tí ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́, tí ó jẹ́ pé ibí ni ó ti kọ́ ọdẹ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan, olúkúlùkù wọn gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ sí ìgbẹ́ kan náà lẹ́yìn Kwali. Ẹnì kan kò mọ̀ pé ẹnì kejì wà níbẹ̀. Agbo awó kan sọ̀kalẹ̀ wá mu omi ní etí odò kékeré kan. Bàbá yìnbọn, ó bá ọ̀kan ní apá. Ẹyẹ náà kò lè fò mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ awó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ìyẹ́ rẹ̀ lọ. Ó sáré wọ inú koríko. Bàbá tẹ̀lé e, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá a. Ọ̀dọ́kùnrin wà ní òdì kejì. Ó gbọ́ tí koríko ń mì, ó rí àwọ̀ ẹyẹ fìrí, ó sì yìnbọn. Ẹyẹ kú. Àwọn ọta wẹ́wẹ́ tí ó kọjá ẹyẹ lọ bá Bàbá: mẹ́rin wọ̀ ọ́ ní apá, ọ̀kan sì ha abẹ́ ojú ọ̀tún rẹ̀ kọjá. Bí ó bá fi ìwọ̀n ìka kan gòkè sí i ni, ọ̀rọ̀ ojú tí ó fọ́ ni à bá máa sọ.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ọta kọ́ ni wọ́n gbé wá. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni. Bàbá fi ọ̀já gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó ní, “Àáfáà, ẹ bá mi bi í léèrè, ta ni ó kọ́kọ́ ta ẹyẹ yẹn?” Ọ̀dọ́kùnrin dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti tọrọ àforíjì nípa apá yín, mo sì ti san owó ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìbọn tèmi ni ó pa á.” A wo àwọn méjèèjì títí. Awó ọ̀sìn wà lọ́jà tí owó rẹ̀ kò tó owó oògùn tí wọ́n fi di apá Bàbá.

A béèrè ibi tí ẹyẹ náà wà. Wọ́n ní ó wà nínú fìríìjì ní ilé ọ̀dọ́kùnrin, ṣùgbọ́n iná kò tíì dé láti ọjọ́ kejì tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹyẹ, nítorí òun ni yóò gbé wa dé ibi tí a ń lọ. Nínú Súrà Màídà, ẹsẹ 4, Ọlọ́hun ṣe ohun tí ẹranko tí a kọ́ ní ọdẹ bá pa fún wa ní ẹ̀tọ́, ó sì pa á láṣẹ pé kí a dá orúkọ Òun sí i. Àwa tí a ń tẹ̀lé ojú ọ̀nà Imam Mọ́líkì, tí a ka ìwé Rìsálà ti Ibn Abi Zayd al-Qayrawani ní ilé-kéwú, a mọ̀ pé ẹni tí ó bá gbàgbé Bísímílà nígbà tí ó ń ta ẹran, Ọlọ́hun ṣe àmójúkúrò fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, ẹran rẹ̀ kò ṣe é jẹ. A bi ọ̀dọ́kùnrin léèrè bóyá ó ṣe Bísímílà. Ó ní òun kò lè rántí, ohun gbogbo yá jù. A óò padà sí “yá jù” yẹn.

Ìbọn kò sí ní ayé àwọn sàhábà. Ọfà, ọ̀kọ̀, ajá àti àṣá ni wọ́n fi ń ṣọdẹ. Nígbà tí ìbọn dé, àwọn onímọ̀ Mọ́líkì jiyàn lórí ọta rẹ̀. Àwọn kan ní ó dà bí òkúta tí ń lu ẹran pa. Àwọn mìíràn ní ó ń ya ara, ó sì ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde, nítorí náà ó dà bí ọfà. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mú, òun náà ni àwa ń tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n bí a bá bá ẹran láàyè, ọ̀bẹ ni ó kù, kò sí àròyé níbẹ̀.

Ní ti ẹni tí ó ni ẹran, òfin rẹ̀ kò le. Ẹran ìgbẹ́ kì í ṣe ti ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i, kì í sì í ṣe ti ẹni tí ó kọ́kọ́ yìnbọn. Ẹni tí ó dá a dúró, tí kò fi lè sá lọ mọ́, ni ó ni ín. Bí ọta Bàbá bá ti dá awó náà dúró, ti Bàbá ni, ó sì ti kúrò ní ẹran ìgbẹ́, ó ti di bí adìyẹ àgbàlá tí a gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ dúńbú. Ẹni tí ó bá tún yìnbọn pa á lẹ́yìn ìyẹn, òkú ẹran ni ó sọ ọ́ dà, ó sì jẹ Bàbá ní owó rẹ̀. Bí awó náà bá ṣì ń sáré tí ó lè bọ́, tí ìbọn kejì sì mú un, ti ẹni kejì ni. A wá bi wọ́n pé èwo ni ó rí bẹ́ẹ̀? Bàbá ní kò lè lọ jìnnà mọ́. Ọ̀dọ́kùnrin ní ó ń sáré bí ehoro. Kò sí ẹlẹ́rìí àfi koríko.

Ibi tí Adiyy ọmọ Hatim ti ràn wá lọ́wọ́ nìyí. Ìran Tayyi ni Adiyy, ọmọ Hatim tí gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá mọ̀ fún ọ̀làwọ́, ó sì jẹ́ ọdẹ ọlọ́jà. Ó bi Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní ìbéèrè lórí ìṣẹ́ ọdẹ, bí èyí tí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an lè béèrè. Lára ohun tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni pé bí ọdẹ bá tú ajá rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú Bísímílà, tí ó wá bá ajá mìíràn lórí ẹran náà, tí kò mọ èyí tí ó pa á nínú méjèèjì, kí ó má jẹ ẹ́. Orí ajá tirẹ̀ nìkan ni ó dá orúkọ Ọlọ́hun sí. Bákan náà ni ẹran tí a ta tí ó já sínú omi, tí a kò mọ̀ bóyá ọfà ni ó pa á tàbí omi. Iyèméjì ti wọ̀ ọ́.

Ìbọn méjì ni, ọ̀kan kò mọ èkejì, Bísímílà ọ̀kan wà, tèkejì kò dájú, kò sì sí ẹni tí ó lè búra pé ìgbà báyìí ni ẹ̀mí bọ́ lára ẹyẹ. A dá a fún wọn pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Àwọn ajá àdúgbò ni wọ́n pín ogún náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí ẹ bá wa wò dáadáa. Bí iyèméjì bá lè sọ ẹran tí ó ti kú di ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi kan ẹnu, kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí iyèméjì ṣe sí ìka tí ó wà lára ìbọn? Ẹran tí a jù nù, owó díẹ̀ ni a pàdánù. Ọta tí ó ti jáde lẹ́nu ìbọn kò ṣe é pè padà. Púpọ̀ nínú wa ń ṣọ́ ẹnu wa nídìí ẹran, a ó béèrè lọ́wọ́ alápatà pé ta ni ó dúńbú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá wọ ìgbẹ́, koríko tí ó mì lásán ti tó fún wa láti yìnbọn. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò rí orí ẹyẹ, kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọ̀ ni ó rí. Ohun tí ó gbàgbé Bísímílà mọ́ ọn lẹ́nu náà ni kò jẹ́ kí ó rí Bàbá. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ dá orúkọ Ọlọ́hun kí ó tó yìnbọn ti ní ààyè láti wo ohun tí ó fẹ́ yìnbọn sí.

Ọ̀nà kejì tún wà tí ẹ̀sìn wa gbà fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ ọ́n. Nínú Mùwátà, ìwé Imam Mọ́líkì fúnra rẹ̀, ní ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ Hájì, ìtàn kan wà níbẹ̀. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń lọ sí Mákà nínú aṣọ ìhrámù pẹ̀lú àwọn sàhábà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Rawha, wọ́n bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìgbẹ́ kan tí wọ́n ti ta lọ́gbẹ́. Wọ́n sọ fún Ànábì. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, pé ẹni tí ó ni ín yóò dé láìpẹ́. Lóòótọ́, ọkùnrin kan láti ìran Bahz dé, òun ni ó ni ín, ó sì fi í tọrẹ. Ànábì ní kí Abu Bakr pín in fún àwọn tí wọ́n jọ ń lọ. Wọ́n tún rìn síwájú, wọ́n bá àgbọ̀nrín aṣálẹ̀ kan tí ó ká ara rẹ̀ sí abẹ́ ibòji pẹ̀lú ọfà lára. Ànábì ní kí ọkùnrin kan dúró tì í, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu, títí gbogbo èrò yóò fi kọjá.

Ẹ wo bí ó ti rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà lójú ọ̀nà yẹn, ẹran wà nílẹ̀, olówó rẹ̀ kò sí nítòsí, kò sì sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, ọgbẹ́ tí ó wà lára ẹran náà ti tó ẹ̀rí pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọ̀dọ́kùnrin wa bá ti ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́kàn, awó tí ń sáré nílẹ̀ dípò kí ó fò ìbá ti sọ fún un pé ẹlòmíràn ti ta á. Awó tí ara rẹ̀ dá, tí ìbọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dún, kí ni yóò máa fi ẹsẹ̀ sá nínú koríko fún? Ìbọn tí ó gbọ́ níṣẹ̀ẹ́jú kan ṣáájú, ta ni ó rò pé ó yìn ín?

Àwa oníṣòwò mọ èyí nínú ọjà. Bí oníbàárà bá dúró níwájú ìsọ̀ ẹnì kejì wa, tí wọ́n ti ń ná ọjà, a kì í pe oníbàárà náà. Ànábì kọ̀ fún wa kí a má ta ọjà lé orí títà ọmọ ìyá wa. Ẹni tí ó bá ṣe é, gbogbo ìsọ̀ ni yóò bú u. Ọdẹ tí ó dé ibi tí ẹlòmíràn ti lúgọ de agbo ẹyẹ láti ìdájí, tí ó wá gba iwájú rẹ̀ yọ, ohun kan náà ni ó ṣe, àfi pé ìbọn wà nínú ti ọdẹ.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ń bá fínra. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ wa kan wà, tòlótòló tí kì í ṣe ti ilé pọ̀ nínú igbó wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń lọ dẹ ẹ́ ní ìgbà ìrúwé. Bí wọ́n ti ń ṣe é ni pé ọdẹ yóò wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, yóò jókòó sí ìdí igi, yóò máa fi ohun èlò kékeré kan sín igbe abo tòlótòló jẹ, kí akọ lè máa bọ̀. Ẹ̀yin náà ti rí ewu tí ó wà níbẹ̀: ọdẹ mìíràn lè gbọ́ igbe náà, kí ó rò pé ẹyẹ ni, kí ó sì máa yọ́ bọ̀ pẹ̀lú ìbọn. Ọ̀pọ̀ ti ṣe ara wọn léṣe báyìí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ ara wọn pé kí ẹnikẹ́ni má wọ ohun pupa, funfun tàbí búlúù lọ, nítorí àwọ̀ orí akọ tòlótòló nìyẹn. Kí ẹ̀yìn ọdẹ ti igi tí ó fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ. Bí ó bá rí ènìyàn tí ń bọ̀, kí ó má juwọ́, kí ó má mira, kí ó fi ohùn ènìyàn pè é ketekete. Bí ó bá pa ẹyẹ, aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí ń tàn ni kí ó fi wé e kí ó tó gbé e kọ́ èjìká. Bí ó bá sì dé ibi tí ẹlòmíràn ti ń pe ẹyẹ, kí ó rọra padà. Àwọn ọdẹ wa tí wọ́n mọ bí a ti ń sín àparò jẹ, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2006, ìgbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, Dick Cheney, lọ dẹ ẹyẹ kékeré kan tí ó jọ àparò ní ìpínlẹ̀ Texas. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ, Harry Whittington, agbẹjọ́rò ẹni ọdún 78, yà lọ mú ẹyẹ tí ó ti pa, ó sì padà dé láti ẹ̀yìn. Ẹyẹ kan fò, Cheney yí ìbọn tẹ̀lé e, ó sì yìn ín. Ọta wẹ́wẹ́ bá Whittington lójú, lọ́rùn àti láyà. Ọlọ́hun yọ ọ́, ó wà láyé títí di ọdún 2023. Ẹ wò ó, ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, dókítà wà nítòsí, ìbọn olówó ńlá ni, ojúmọ́ sì ti mọ́. Ẹnì kan kò mọ ibi tí ẹnì kejì wà, ó sì fi ìbọn tẹ̀lé ẹyẹ kọjá ibi tí ó yẹ. Ohun kan ṣoṣo yìí náà ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Kwali.

Àwọn kan yóò ní, “Àṣìṣe ni, Ọlọ́hun kì í fìyà àṣìṣe jẹni.” Òtítọ́ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ àmọ̀ọ́mọ̀dá kò sí nínú àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka Súrà Nísáì, ẹsẹ 92. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa mùmíní, gbèsè méjì ni ó wà lọ́rùn rẹ̀: owó ẹ̀mí fún àwọn ará ilé òkú, àfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀, àti ìtànràn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ìyẹn bíbọ́ ẹrú, ẹni tí kò bá sì rí ìyẹn ṣe, oṣù méjì ààwẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ já. Rákúnmí 100 ni a ti ń ka owó ẹ̀mí ọkùnrin láti ayé Ànábì wá. Bí oko yìnbọn kan bá bá ẹlòmíràn tí ó sì kú, ọdẹ yóò máa gba ààwẹ̀ fún 60 ọjọ́ nítorí awó kan, opó òkú yóò sì máa rí i ní mọ́sálásí kan náà. A sọ èyí fún ọ̀dọ́kùnrin wa. Ìgbà yẹn ni ó tó sunkún.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ohun tí ó yẹ kí á máa ṣe níbí. Nígbà tí a dé Àbújá, ìgbẹ́ wà lẹ́yìn Gwagwalada tí ọdẹ kan lè wà nínú rẹ̀ láàárọ̀ kí ó má pàdé ẹnikẹ́ni. Ilé ti gba ibẹ̀ báyìí. Ìgbẹ́ ń kéré, ọdẹ kò kéré, ẹran sì ń sá sí ibi kan náà tí gbogbo wa ń lọ. Àwọn àgbà ọdẹ wa ní àṣà kan nílé, tí Bàbá fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún wa: bí ọdẹ bá dé oríta ìgbẹ́, yóò já ewé tútù sí ojú ọ̀nà tí ó gbà, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ènìyàn ti wọ ibẹ̀, kí ó sì gba ibòmíràn. A bi Bàbá pé, “Ẹ ṣe é lọ́jọ́ yẹn bí?” Ó dákẹ́. Ó ní òun rò pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n níbí. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀dọ́kùnrin náà má mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ì bá kọ́ ọ bí kò ṣe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n?

Nítorí náà, kí ẹni tí ń lọ sọ fún àwọn ọdẹ yòókù ní alẹ́ pé ọ̀nà báyìí ni òun ń gbà lọ́la. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Bí a bá gbọ́ ìbọn nítòsí, kí a dúró, kí a súfèé tàbí kí a pè. Ẹran lè sá, kí ó sá. Ẹni tí ń dẹ òru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí, kí ó má yìnbọn sí ohun tí ó kàn ń tàn. Ojú màlúù Fúlàní ń tàn, ojú ajá ń tàn, iná orí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń tàn. Bí ó bá jẹ́ pé a yí ìgbẹ́ ká ni, tí a ń lé ọ̀yà jáde, kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn sí àárín, nítorí ènìyàn wà ní òdì kejì. Ajá àti kùmọ̀ tó níbẹ̀. Ní ti iná tí àwọn kan ń sọ sí ìgbẹ́ kí ẹran lè jáde, a kò ní sọ púpọ̀. Ẹni tí ó jó oko olóko yóò san án, láyé tàbí lọ́run.

Ọ̀rọ̀ gbígbé ìbọn náà ń kọ́? Ànábì pàṣẹ fún ẹni tí ó bá gbé ọfà gba inú mọ́sálásí tàbí ọjà wa kọjá pé kí ó di ẹnu rẹ̀ mú kí ó má bàa gún Mùsùlùmí. Ó kọ̀ kí ẹnì kan na ohun ìjà sí ọmọ ìyá rẹ̀, ìbáà ṣe eré, nítorí kò mọ̀ bóyá Èṣù yóò gbọn ọwọ́ rẹ̀. Ó sì kọ̀ kí a na idà tí a ti yọ nínú àkọ̀ sí ara wa. Ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀, tí a gbé kọ́ ẹ̀yìn lórí ọ̀kadà, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí orí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn, ṣé ó yàtọ̀ sí ìyẹn? Kí a yọ ọta kí a tó kúrò nínú ìgbẹ́. Bí a bá fẹ́ la odò kọjá tàbí gun orí igi tí ó wó, kí a yọ ọ́. Àti àwọn tí ń yìnbọn sókè níbi wòlímọ̀ àti ìsìnkú àgbà, ohun tí ó gòkè ń padà sọ̀kalẹ̀ o.

Òfin ìjọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọdún 1959 ni òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti sọ pé ìbọn kátíríìjì àti ìbọn ìbílẹ̀ tí a ń pè ní ṣakabùlà, méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ní àkókò tí àwọn ajínigbé wà nínú igbó yìí, ẹni tí a kò mọ̀ tí ó gbé ìbọn lọ́wọ́, ojú burúkú ni wọn yóò fi wò ó. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2025, nínú oṣù Ràmàdánì, ní Uromi ní ìpínlẹ̀ Edo, èrò dá ọkọ̀ kan dúró tí àwọn ọdẹ ará Àríwá wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń ti Port Harcourt lọ sí Kano fún ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ajínigbé ni wọ́n, ó kéré tán wọ́n pa 16 nínú wọn. Ọlọ́hun ṣàánú wọn. Àlejò ni àwa náà ní ilẹ̀ yìí. Kí ìjọba tó yà á sọ́tọ̀ fún olú-ìlú ní oṣù kejì ọdún 1976 ni àwọn Gbagyi, Koro, Gade, Bassa àti àwọn yòókù ti ń dáko tí wọ́n sì ń ṣọdẹ níbẹ̀. Ìgbẹ́ tí à ń rò pé kò ní olúwa, oko tí ẹnì kan fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè sinmi ni. Kí a lọ kí baálẹ̀ abúlé kí a tó wọ ìgbẹ́ wọn, kí wọ́n mọ ojú wa, kí a sì béèrè ọjọ́ tí àwọn ọdẹ tiwọn ń jáde. Bí ẹran bá jẹ́ ìgalà, kí a fi itan kan ránṣẹ́ sí i. A kò mọ baálẹ̀ tí yóò kọ̀ ọ́.

Àwọn ọmọ wa kéékèèké tí ń fi rọ́bà ta ẹyẹ lẹ́yìn ilé-kéwú, a kò gbàgbé yín. Sàhábà kan, Abdullah ọmọ Mughaffal, rí ọkùnrin kan tí ń ta òkúta wẹ́wẹ́, ó sọ fún un pé Ànábì kọ̀ ọ́, nítorí kì í pa ẹran, kì í dá ọ̀tá dúró, ṣùgbọ́n ó ń ká eyín, ó sì ń fọ́ ojú. Ọkùnrin náà kò jáwọ́, sàhábà yìí sì ní òun kò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́. A ti gba rọ́bà 7 lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ yìí nìkan.

Bàbá àti ọ̀dọ́kùnrin ti parí ìjà. Lẹ́yìn tí apá Bàbá san díẹ̀, ó ní kí ọmọ náà máa wá sọ́dọ̀ òun ní ọjọ́ Àìkú kí òun lè fi ọ̀nà ìgbẹ́ àti àmì ewé hàn án, a sì ti gbọ́ pé àwọn ọdẹ mẹ́ta mìíràn ti darapọ̀ mọ́ wọn. Dókítà yọ ọta mẹ́ta nínú mẹ́rin; ó ní ẹ̀kẹrin wọlé jù, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá sọ fún wa pé bí ọyẹ́ bá ti mú, òun máa ń mọ ọ́n lára nígbà tí òun bá gbé ọwọ́ sókè láti kábàrá ìrun.